Bàbá Àgbà àti Agolo Kọnkéré Wọn

Àwọn ọkùnrin ló wẹ òkú bàbá àgbà mi. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n pè mí pé kí n wá bá wọn ki ọwọ́ bàbá bọ apá dàńsíkí, nítorí pé ara ti ń gan. Mo di ọwọ́ ọ̀tún mú. Àtẹ́lẹwọ́ náà yi, ó rí ṣákiṣàki, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ lébìrà dé. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wò ó, ó ní, "Màmá, irú iṣẹ́ wo ni baba yìí ń ṣe títí wọ́n fi kú?"

Mo ní wọn ò ṣiṣẹ́ kankan. Agolo ni wọ́n ń gbé.

Agolo yẹn ni mo fẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀. N kò kàwé púpọ̀, ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ, aṣọ ni mo sì ń fọ̀ fún àwọn ará Maitama láti ìgbà tí mo ti dé Àbújá. Èmi fúnra mi ti ní ọmọ-ọmọ. Kó má yà yín lẹ́nu pé ìyá àgbà ń kọ̀wé nípa bàbá àgbà. Bàbá mi tó ti di olóògbé ni àkọ́bí wọn, èmi ni àkọ́bí bàbá mi, kò sì sí ẹni tó pẹ́ kó tó bímọ nínú gbogbo wa. Bàbá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó lọ. Ẹni tó bá ní kí n to ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò ní mọ̀ ọ́n tò, nítorí n kò mọ ìdajì rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan, bí wọn ò ṣe gbé e mọ́, àti ohun tó mú wọn tún bẹ̀rẹ̀. Mo sì mọ ọ̀rọ̀ kan tí mo sọ sí wọn tí mi ò rí kó padà.

Láti apá Kàbbà ni wọ́n ti wá sí Garki nígbà tí Garki ṣì jẹ́ igbó àti erùpẹ̀ pupa. Ọkùnrin tó ti ní ọmọ ńláńlá ni wọ́n nígbà náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ lébìrà ni wọ́n rí ṣe. Páànù kọnkéré ni wọ́n ń rù gun pákó lọ sókè, wọ́n á dà á, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tún rù ú. Nígbà tí wọ́n ti darúgbó, bí a bá jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Area 1, wọ́n á máa nàka sí ilé láti ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ kan wọ́n nàka sí ilé ìjọba kan, wọ́n ní, "Ṣé o rí àjà kẹta yẹn, Àṣàkẹ́? Orí mi ló gbà kọjá." Ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ kóòtù rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ní, "Bàbá, ọ́fíìsì mi wà níbẹ̀ o, àjà kẹta gan-an."

Bàbá wò ó láti orí dé bàtà. Wọ́n ní, "Ó dáa. Máa rọra tẹ̀ ẹ́. Ó wúwo nígbà tí mò ń gbé e lọ."

Nígbà tí ìyá àgbà kú, mo ní kí Bàbá wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀yìn Idu ni ilé mi wà, níbi tí èèyàn ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin tó bá ń lọ sí Kàdúná. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe mi, àṣìṣe tí gbogbo wa jọ ṣe ni. Wọ́n tọ́ mi dáadáa nílé. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í wo àgbà pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́ kó kọjá. Bí Bàbá bá gbé àga, mo ti gbà á. Bí wọ́n bá mú korobá, ẹnì kan ti sáré dé. Màlámù Sáni, télọ̀ tó ń ránṣọ níwájú ilé wa, á fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀: "Kai, Bàbá! Sànnu! Ẹ gbé e wá jàre." Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń tọ́jú èrò á ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá wọn lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á gbé wọn dìde bí ẹni gbé àpò. Inú mi ń dùn sí i. Àwọn aládùúgbò ń sọ pé mò ń tọ́jú baba.

Kò pé ọdún méjì tí ẹsẹ̀ wọn fi rọ. Wọn ò lè ṣí ẹ̀rọ omi mọ́. Mo wá ń bu omi ìlàjì ife fún wọn kó má baà wúwo lọ́wọ́ wọn. Ọ̀sán ọjọ́ kan wọ́n fẹ́ bá mi gbé gàrí wọlé, kóńgò kan péré. Mo gbà á.

Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, kí lo fẹ́ kí n máa fi ọwọ́ yìí ṣe?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ máa fi gbàdúrà fún wa, Bàbá."

Wọ́n tẹ́ ọwọ́ náà, wọ́n wò ó. "Àdúrà ò wúwo."

Nílé wa, ẹni tó dàgbà jù lọ ló máa ń gbé ọmọ tuntun sókè lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀ síta. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e, tí ọmọ náà á kọjá orí ẹni tó gbé e. Bàbá ló gbé èmi. Àwọn náà ló gbé àwọn ọmọ mi méjèèjì, Dàpọ̀ àti Bọ́sẹ̀. Nígbà tí ìyàwó Dàpọ̀ bí ọmọbìnrin, pálọ̀ mi la ti ṣe é. Bàbá gbé ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ilé ṣe àmín. Lẹ́ẹ̀kejì, apá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìgúnpá wọn tẹ̀, ọmọ náà sì yọ̀ bọ́ sí wọn láyà. Ìyá rẹ̀ figbe ta. Mo sáré gbà á. Dàpọ̀ ló gbé ẹlẹ́ẹ̀kẹta. A pe orúkọ, a jẹun, a ṣe bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Mo gbé oúnjẹ lọ bá Bàbá ní ìjókòó wọn. Ọwọ́ wọn wà lórí itan, wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè.

Wọ́n ní, "Ẹ gba korobá, mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ gba àga, mi ò sọ̀rọ̀. Lónìí, ẹ gba ọmọ."

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n béèrè agolo mílíìkì tó ti ṣófo lọ́wọ́ mi. Mo rò pé adìẹ ni wọ́n fẹ́ fi fún lómi. Wọ́n gba wáyà lọ́wọ́ Màlámù Sáni, wọ́n ṣẹ́ ẹ sí ìdìmú. Wọ́n bu sìmẹ́ǹtì tó ṣẹ́kù níbi tí onílé ti ń tún ògiri ṣe. Ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan, ìwọ̀n yanrìn méjì, ìwọ̀n òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta. Wọ́n fọwọ́ pò ó, wọ́n dà á sínú agolo, wọ́n gún un pẹ̀lú igi kí afẹ́fẹ́ má ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Wọ́n wá fi àpò tútù bò ó, wọ́n ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kẹta mo ní ó ti gan, kí wọ́n gbé e kí n rí i.

"Ọjọ́ méje," wọ́n dá mi lóhùn. "Mo ti dúró fún ọdún méjì. Ọjọ́ mẹ́rin tó kù ò ní pa mí."

Báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mẹ́wàá lápá ọ̀tún, mẹ́wàá lápá òsì. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á jókòó sórí àpótí kúkurú tí mo fi ń fọṣọ, wọ́n á dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan, wọ́n á tún jókòó. Bí wọ́n bá ṣe é lónìí, wọ́n á sinmi lọ́la. Wọ́n ní lébìrà tí kì í sinmi, fọ́ọ̀mánù á máa wá ẹlòmíràn. Nígbà tí agolo mílíìkì ti fúyẹ́ lójú wọn, wọ́n bọ́ sórí agolo tòmátò ńlá. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìró ìmí wọn nìkan ń bà mí lẹ́rù. Mo kó agolo náà pamọ́ sábẹ́ tábìlì ìlọṣọ mi, torí mo rò pé wọ́n á ṣubú. Wọn ò bá mi jà. Wọn ò jẹun àárọ̀, wọn ò jẹ tọ̀sán. Kí ilẹ̀ tó ṣú mo kó o jáde fún wọn.

Màlámù Sáni ló ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ jù. "Bàbá, ta lẹ fẹ́ lọ bá jà?"

"Ìwọ ni," Bàbá dáhùn. "Jẹ́ kí ọwọ́ rẹ tún kan korobá mi."

Kò kàn án mọ́. Ó dé àsìkò kan tí Bàbá ń gbé korobá omi láti ibi ẹ̀rọ dé balùwẹ̀, tí gbogbo ilé á máa wò wọ́n, tí ọwọ́ ń yún gbogbo wa.

Lẹ́yìn náà ni Bọ́sẹ̀ lóyún. Garki ni òun àti Káyọ̀dé ọkọ rẹ̀ ń gbé, oyún àkọ́kọ́ ni. Bàbá bi mí pé báwo ni ọmọ tuntun ṣe máa ń wúwo tó. Mo ní ọmọ Dàpọ̀ lé díẹ̀ ní kílò mẹ́ta nígbà tí wọ́n bí i. Wọ́n wá ike ọ̀dà kékeré kan, wọ́n da kọnkéré sínú rẹ̀. Nígbà tó pé ọjọ́ méje, wọ́n gbé e lọ sórí ìwọ̀n alápatà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ó lé díẹ̀, wọ́n fi òkúta ha á títí ó fi bá a mu. Wọ́n wá tọrọ ògbólógbòó ìró kan lọ́wọ́ mi. Mi ò béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Ìgbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé ni mo bá wọn lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ti fi ìró náà dì í bí a ṣe ń di ọmọ, wọ́n ń gbé e sókè lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnu wọn sì ń mì. Ara mi bù máṣọ.

"Bàbá, ẹ tú aṣọ kúrò lára òkúta yẹn."

"Ó máa ń ha mí láyà tí kò bá sí aṣọ."

"Ẹ tú u. Kò dáa. Oyún ń bẹ nílẹ̀."

Wọ́n gbé e sọ́kàn àyà wọn. "Ọwọ́ mi ló yẹ kó mọ̀ ọ́n, Àṣàkẹ́. Kí ọwọ́ mi má tún jìn mí lẹ́sẹ̀ lójú gbogbo ayé."

Ọmọ náà dé ṣáájú oṣù rẹ̀. Ọkùnrin ni. Ọjọ́ méjì ló lò ní ọsibítù, inú àpótí onígíláàsì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, ìyá rẹ̀ kò gbé e rárá títí ọmọ náà fi dákẹ́. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Ọ̀sán gangan ni mo délé láti wá mú aṣọ fún Bọ́sẹ̀. Bàbá ń dúró dè mí lẹ́yìnkùlé, ike ọ̀dà náà wà lọ́wọ́ wọn nínú ìró, wọ́n ti ń gbé e láti òwúrọ̀. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n mọ̀. Kí wọ́n tó la ẹnu, mo ti sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ fi òkúta ṣe ọmọ. Ẹ ti rí òkúta báyìí."

Bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn, mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò nínú rẹ̀. Bàbá tẹ̀ ba, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé ike náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, jẹ́jẹ́, bí ẹni tẹ́ ọmọ tó ti sùn. Ohun tí wọ́n béèrè ni, "Ta ni yóò gbé e lọ?"

Lọ́dọ̀ wa, ìyá àti bàbá kì í tẹ̀ lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dé ibojì. Arúgbó náà kì í lọ. Àwọn ọkùnrin ìjọ ló yẹ kó ṣe é, ṣùgbọ́n ọjọ́ iṣẹ́ ni, oníkálukú wà ní ọ́fíìsì, wọ́n ní kó di ọ̀la. Bàbá dé fìlà. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò gbọdọ̀ lọ." Wọ́n ti jáde sí títì.

Takisí gbé wa láti ọsibítù dé ẹnu ọ̀nà ibi ìsìnkú. Kò lè wọlé, òjò ti ya ilẹ̀ ibẹ̀ sí kòtò. A fi ẹsẹ̀ rìn. Aṣọ funfun ni wọ́n fi di ọmọ náà, Bàbá gbé e sí àyà, wọ́n ń wo ilẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èmi wà lẹ́yìn wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo na ọwọ́ pé kí n gbà á, nítorí pé ọ̀nà náà jìn, mo sì ń gbọ́ ìmí wọn.

"Má gbà á lọ́wọ́ mi," ni wọ́n sọ lẹ́ẹ̀kíní. Lẹ́ẹ̀kejì wọ́n mi orí nìkan.

Ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ náà na ọwọ́. Bàbá ò gbé e fún un. Wọ́n kúnlẹ̀ fúnra wọn, wọ́n gbé ọmọ náà sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Apá wọn ò gbọ̀n. Kò sí orúkọ tí wọ́n pè. Wọ́n tẹ́ ẹ sísàlẹ̀, wọ́n sì dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan, bí wọ́n ṣe ń dìde lórí àpótí ìfọṣọ mi.

Nínú takisí, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Wọ́n ní, "Kò wúwo rárá. Èyí tí mo ṣe wúwo jù ú lọ."

Láti ọjọ́ yẹn wọn ò gbé agolo mọ́. Wọ́n padà sórí àga. Alángbá ń sáré lórí agolo tòmátò. Mo mọ ohun tí mo ṣe. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n àárọ̀ ni mo ń jáde, bí mo bá sì dé, ó ti rẹ̀ mí, màá ní ó di ọ̀la. Orí ẹja ni mo ń rà. Mo ń se é bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀, pẹ̀lú ata púpọ̀. Wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n ń dúpẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà láàárín wa. Korobá ńkọ́? Àwa náà la tún ń gbé e fún wọn, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Lọ́jọ́ kan tí Màlámù Sáni gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní, "O ṣeun, Sáni." Mo rò pé ìyẹn ló dùn mí jù.

Bọ́sẹ̀ wá gbé lọ́dọ̀ mi kí ara rẹ̀ lè padà. Èmi ni mo ń pọn omi fún un, mo ń fọ aṣọ rẹ̀, mo ń gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Á jókòó sórí pèpéle, Bàbá á jókòó sórí àga, wọn ò ní bá ara wọn sọ nǹkan kan títí ọ̀sán á fi pọ́n. Mo ń lọ aṣọ lójú fèrèsé láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bọ́sẹ̀.

"Bàbá, gbogbo èèyàn ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ mi."

Bàbá wò ó. Wọ́n dìde, ó ṣòro fún wọn, wọ́n fi ọwọ́ ti ògiri. Wọ́n lọ ṣa agolo mílíìkì kan nínú koríko, wọ́n fi fìlà wọn nu ún.

"Mẹ́wàá lápá ọ̀tún," wọ́n ní.

Mo jáde sí wọn lọ́jọ́ kejì. Mo fẹ́ sọ ohun tó yẹ kí n sọ, ìkanra ló jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Bàbá, agolo kí lẹ tún ń gbé? Kò sí ọmọ tí ẹ fẹ́ gbé báyìí."

Wọ́n ní, "Bọ́sẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun kì í ṣe ọmọ ni?"

Wọ́n jọ ń ṣe é títí ọdún fi yí. Bọ́sẹ̀ á ka tirẹ̀, á ka ti Bàbá. Ike ọ̀dà tó wà nínú ìró nìkan ni wọn ò fọwọ́ kàn. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí wọ́n gbé e sí, òjò pa á, oòrùn pa á. Nígbà tí Bọ́sẹ̀ padà sí Garki, ó ṣì ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọjọ́ Rú kan ló wá. Bàbá jókòó sórí àpótí, wọ́n gbé agolo tòmátò lápá ọ̀tún. Bọ́sẹ̀ kà á dé mẹ́wàá, ó ń dúró kí wọ́n mú u bọ́ sí apá òsì. Wọn ò mú u bọ́. Agolo náà rọra kan ilẹ̀, ọwọ́ wọn ṣì wà nínú wáyà rẹ̀.

Dókítà ní ọkàn wọn ló dúró. Àwọn aládùúgbò kan ní agolo ló pa wọ́n, ó yẹ kí n ti dá wọn lẹ́kun. Mi ò jà, mi ò sì mọ̀. Màlámù Sáni, tó sunkún jù mí lọ, ló sọ èyí tó wọ̀ mí létí: "Màmá, ẹnu iṣẹ́ ni bàbá kú sí."

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí wọn, mi ò tọrọ àforíjì rẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Mi ò ní purọ́ pé mo ṣe é lórí òkú wọn. Ọwọ́ wọn ni mo ń ki bọ apá aṣọ, ìyẹn ni mo gbájú mọ́.

Bọ́sẹ̀ tún ti lóyún. Mi ò ní kọ oṣù rẹ̀ síbí, ẹ̀rù ń bà mí. Bí ó bá yọrí sí ayọ̀, èmi ni mo dàgbà jù nílé yìí báyìí. Ọwọ́ mi le tó bá di ká fún aṣọ, ṣùgbọ́n èjìká mi kì í gòkè mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo lọ síbi ògiri. Ìró náà ti rà lápá kan. Mo tú u, mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo rán ibi tó ti ya. Nígbà tó gbẹ, èmi tí mo ní kò dáa, èmi náà ni mo fi di ike ọ̀dà yẹn padà, mo dì í dáadáa bí ọmọ. Mo gbé e sókè. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì, apá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bí mo ṣe rí i tó gbọ̀n lára Bàbá.

Bọ́sẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò mọ ìgbà tó dé. Ó yára wá, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Màámi, ẹ jẹ́ n bá yín gbà á."

Mo ní, "Má gbà á lọ́wọ́ mi."

Ó dúró. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Láti ọjọ́ Rú tí Bàbá lọ, ọmọ yìí kò tíì ka nǹkan kan síta, àní owó ọkọ̀ pàápàá, á kàn nà án sí dírẹ́bà ni. Ó fa àpótí ìfọṣọ mi sún mọ́ ògiri, ó rọra jókòó lé e, ó di ikùn rẹ̀ mú.

"Ẹ gbé e sílẹ̀ ná, ẹ mí," ó ní. "Ẹ tún un gbé láti ìbẹ̀rẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: "Ọ̀kan."